Owó àwọn ọmọ Oklahoma: báwo ni tíìmù tí gbèdéke ẹ̀ jẹ́ 154 mílíọ̀nù ṣe fọwọ́ sí 822 mílíọ̀nù dọ́là

Láti ìgbà tí Oklahoma City Thunder ti gba ife NBA ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìbéèrè kan náà ni àwọn tá a jọ ń wo basketball ń bi mí. Wọ́n ní ṣebí NBA ní salary cap, ṣebí gbèdéke wà fún iye tí tíìmù lè san fáwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ́dún, báwo wá ni Thunder ṣe fún Shai Gilgeous-Alexander ní 285 mílíọ̀nù dọ́là, tí wọ́n fún Jalen Williams ní owó tó lè dé 287, tí wọ́n tún fún Chet Holmgren ní èyí tó lè dé 250, gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá péré nínú oṣù keje? Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 822 mílíọ̀nù ni, owó ọ̀pọ̀ ọdún. Cap ti sáà 2025-26 sì rèé, 154.6 mílíọ̀nù. Ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ á rò pé wọ́n ń rú òfin ni, tàbí pé òfin ọ̀hún ò wúlò fún nǹkan kan.

Ó wúlò o. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ sí bá a ṣe rò ó.

Cap NBA ò rí bíi ti NFL, níbi tó jẹ́ pé tó bá ti kún, ó kún náà nìyẹn. Ti NBA dà bí ilé tó ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tí ilé bá ti kún, àlejò ò lè wọlé mọ́ àfi tó bá gbà láti gba owó kékeré, ṣùgbọ́n ọmọ ilé lè wọlé nígbàkigbà. Tíìmù tó bá ti kọjá cap ò lè lọ fi owó ńlá mú ẹni tó ń bọ̀ láti ibòmíì, àmọ́ ẹni tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún sáà mẹ́ta, ó lè fún un ní gbogbo owó tí òfin bá gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà, bí cap ì báà ti kún kó máa dà sílẹ̀. Bird rights ni wọ́n ń pè é, orúkọ Larry Bird ti Boston ló ń jẹ́, àtìgbà tí cap ti bẹ̀rẹ̀ ní sáà 1984-85 ni nǹkan yìí sì ti wà, nígbà tí gbogbo owó tí tíìmù kan lè ná ò ju 3.6 mílíọ̀nù lọ. Wọn ò fẹ́ kí òfin tuntun já irú Bird gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Nítorí náà, ẹ má da ara yín láàmú pé ṣé Thunder lè san án. Wọ́n lè san án. Ibi tó ti le ni ìgbà tó yẹ kí wọ́n san án, àti àwọn tó máa ní láti kúrò kí àwọn mẹ́ta yẹn tó lè dúró.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí iye tí àwọn ọmọ yìí ń gbà tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ife yẹn ti wá. Ọmọ tí wọ́n bá mú ní ìpele àkọ́kọ́ nínú draft, ìyẹn ètò ọdọọdún tí àwọn tíìmù fi ń mú àwọn ọmọ tuntun wọ liigi, kì í sí ìdúnàádúrà tó pọ̀ lórí owó ẹ̀, liigi ti ṣe tábìlì sílẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n bá fi mú ẹ ló máa sọ iye tó o máa gbà. Ọdún mẹ́rin ni, méjì àkọ́kọ́ dájú, méjì tó kù jẹ́ pé tíìmù ló máa sọ bóyá àwọn ṣì fẹ́. Ọdún 2022 ni Thunder mú Chet ní nọ́ńbà 2, wọ́n mú Jalen ní nọ́ńbà 12. Ní sáà 2025-26, owó Chet jẹ́ nǹkan bíi 13.7 mílíọ̀nù, ti Jalen jẹ́ nǹkan bíi 6.6. Ẹ dákun ẹ tún un kà. Jalen Williams tí wọ́n yàn sínú All-NBA, ìyẹn àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù dáa jù nínú liigi, lọ́dún 2025, tí ó wà lára àwọn tó mọ ìdáàbòbò ṣe jù ní gbogbo liigi, ó ń gba owó tí àwọn tíìmù míì ń fún ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn méjèèjì lápapọ̀, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù. Owó tó kù yẹn ni Thunder fi ra Isaiah Hartenstein, òun náà ni wọ́n fi fún Alex Caruso lówó gidi, ìyẹn ni tíìmù wọn ṣe kún tó bẹ́ẹ̀ tí Indiana ò fi lè rí ibi sá sí ní géèmù keje.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kì í pẹ́ tán. Tí ọmọ bá ti gbá sáà mẹ́ta, láti oṣù keje ọdún yẹn títí di ọjọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà tuntun, tíìmù lè fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì tuntun pẹ̀lú ẹ̀, èyí tó máa bẹ̀rẹ̀ tí ọdún kẹrin bá parí. Owó tó pọ̀ jù tí òfin gbà fún ẹni tí ò tíì lo ọdún méje ni ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún cap. Tó bá ti lo ọdún méje sí mẹ́sàn-án, ó di 30, tó bá lo mẹ́wàá sókè, ó di 35. Owó yẹn sì lè máa fi ìdá 8 ti ọdún àkọ́kọ́ lé sí i lọ́dọọdún. Tá a bá fi cap ti 2025-26 ṣírò, ìdá 25 jẹ́ nǹkan bíi 38.7 mílíọ̀nù, cap sì ń lọ sókè, torí náà àwọn ọmọ méjì tó ń gba 20 mílíọ̀nù lápapọ̀ máa di ẹni tó ń gba 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2026-27. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ò yí padà, ojú kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, ó kàn di ìlọ́po mẹ́rin láàárín òru kan ni.

Òfin kan tún wà tí orúkọ Derrick Rose wà lórí ẹ̀, ẹni tó gba MVP, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, ní 2011 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 22. Ọmọ tó bá ṣe bẹbẹ, bí ẹni tó gba MVP tàbí tó wọ All-NBA, tàbí tí wọ́n dìbò fún pé òun ló mọ ìdáàbòbò ṣe jù, lè fò láti ìdá 25 lọ sí 30 láì tíì lo ọdún méje. Ẹ wo Evan Mobley ti Cleveland, 224 mílíọ̀nù ni ó fọwọ́ sí ní 2024, ó gba àmì ẹ̀yẹ ìdáàbòbò ní 2025, owó náà di 269. Àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo, tí àwọn oníròyìn dìbò fún, fi 45 mílíọ̀nù lé owó tíìmù. Irú nǹkan yìí ló wà nínú kọ́ńtíráàtì Jalen náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ pé "ó lè dé" 287.

Wàyí o, àwọn kan ń sọ pé kí ló kán wọn lójú, ṣebí wọ́n lè dúró di ọdún kejì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí dídúró máa ń ṣèrànwọ́ nígbà míì, ẹ jẹ́ kí n fi Bam Adebayo ṣàlàyé ẹ̀.

Bàbá Bam, ọmọ Nàìjíríà ni, orúkọ ẹ̀ sì ti sọ ibi tó ti wá fún yín. Miami Heat ló mú un ní 2017, nọ́ńbà 14. Ní oṣù kọkànlá 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ìparí tí Lakers sì na wọ́n, àsìkò kọ́ńtíráàtì tuntun ẹ̀ tó. Nígbà yẹn gan-an, Giannis Antetokounmpo, Adétòkunbọ̀ wa tí àwọn Gíríìkì fi àmì tiwọn kọ orúkọ ẹ̀, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ní Milwaukee ti fẹ́ parí ní 2021, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé Miami ń wá àyè owó láti gbé e. Tí Bam bá fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá yẹn, 28.1 mílíọ̀nù ni liigi máa kà sí Miami lọ́rùn ní 2021. Tó bá dúró di ìgbà ooru, 15.3 ni wọ́n máa kà. Kí ló dé? Ohun tí wọ́n ń pè ní cap hold ni.

Tẹ́ ẹ bá ti to kẹ́ẹ̀gì nídìí ẹ̀rọ omi rí, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Èèyàn á gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré sórí láìnì, á lọ ṣe nǹkan míì, tó bá wá kàn án, á gbé dúrọ́ọ̀mù dé. Cap hold ni kẹ́ẹ̀gì yẹn. Tí kọ́ńtíráàtì ọmọ bá parí tí tíìmù sì ṣì fẹ́ ẹ, liigi á fi iye kan di àyè ẹ̀ mú, fún ọmọ tí owó ẹ̀ kéré, ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún tó gbà kẹ́yìn. Bam ń gba 5.1 mílíọ̀nù, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ ni 15.3. Miami lè fi àyè tó kù mú ẹlòmíì wọlé, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìyẹn tán, wọ́n á wá yíjú sí Bam, wọ́n á fún un ní max ẹ̀, ìyẹn owó tó pọ̀ jù tí òfin gbà, nípasẹ̀ Bird rights. Bí ìtòtẹ̀lé ṣe máa ń rí nìyẹn, àlejò ṣáájú, ọmọ ilé lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá yí i po, ó bàjẹ́.

Miami ò dúró. Wọ́n fún Bam ní 163 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún ní oṣù kọkànlá yẹn, oṣù kejìlá Giannis fọwọ́ sí 228 mílíọ̀nù ní Milwaukee, kò tiẹ̀ lọ ibì kankan. Èmi gbà pé Miami ṣe ohun tó tọ́. Torí pé nígbà tẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ dúró, òun lẹ gbé ewu náà fún. Tó bá fẹsẹ̀ ṣèṣe ní oṣù kejì ńkọ́? Àdéhùn ẹnu lásán ló wà láàárín wọn, òfin ò sì gbà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, Minnesota dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú Joe Smith, agbábọ́ọ̀lù wọn, ní ọdún 2000 liigi gba owó ìtanràn 3.5 mílíọ̀nù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún gba ẹ̀tọ́ draft wọn.

Philadelphia ṣe òdìkejì ẹ̀. Wọ́n ní kí Tyrese Maxey dúró ní 2023, ó dúró, ó gbá sáà tó dáa jù láyé ẹ̀ títí dìgbà yẹn, cap hold ẹ̀ sì jẹ́ 13 mílíọ̀nù péré nígbà tí max ẹ̀ ì bá ti jẹ́ 35. Àyè 22 mílíọ̀nù tó yọ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi gbé Paul George wá pẹ̀lú 212 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin, lẹ́yìn náà wọ́n fún Maxey ní 204 ẹ̀. Lórí ìwé, iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Lórí pápá, George ò gbá ju géèmù 41 lọ ní sáà yẹn, wọ́n sì fìdí rẹmi ní 58 nínú 82. Maxey nìkan ni mo káàánú, òun ló gbé ewu náà, tí nǹkan tí wọ́n torí ẹ̀ gbé ewu náà sì wá já sí báyìí.

Ẹ wá padà sí Thunder. Ọgbọ́n kẹ́ẹ̀gì yìí ò lè ṣe wọ́n láǹfààní kankan, torí pé tíìmù tó bá lè sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ cap nìkan ló wúlò fún, owó Shai, Hartenstein, Caruso, Lu Dort àtàwọn yòókù ti gbé wọn kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Kí ni wọ́n máa dúró dè? Wọ́n san án nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó tán.

Ibi tí ẹ̀rù wà ni ohun tó wà lókè cap. Tí tíìmù bá ń gun orí owó lọ, á kọ́kọ́ kan luxury tax, 187.9 mílíọ̀nù ni ní 2025-26, èyí tí ẹni tó ni tíìmù máa san lé gbogbo dọ́là tó bá kọjá ibẹ̀, tó bá sì ṣe é léraléra, á tún le sí i. Lókè ẹ̀ ni first apron wà, 195.9. Lókè ìyẹn ni second apron, 207.8. Láti ìgbà tí àdéhùn tuntun láàárín liigi àtàwọn agbábọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ni second apron yìí ti dé, òun gan-an ló sì yí gbogbo nǹkan padà, torí owó nìkan kọ́ ló ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ayé àtijọ́, tí ẹni tó ni tíìmù bá ti lówó tí kò sì bìkítà, á san tax ẹ̀, ó tán. Nísinsìnyí, tó o bá wọ second apron, o ò lè kó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹnì kan tó lówó jù wọ́n lọ, o ò lè fi owó kún pàṣípààrọ̀, owó díẹ̀ tí òfin máa ń fún tíìmù láti fi mú àlejò lọ́dọọdún, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, draft ìpele àkọ́kọ́ ẹ ti ọdún méje sí i, wọ́n á tì í pa kó o má lè fi ṣòwò. Tó o bá tún pa dà síbẹ̀ ní méjì nínú ọdún mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, wọ́n á gbé draft yẹn lọ sí ìparí ìlà, bó o tiẹ̀ jẹ́ tíìmù tó burú jù. Ó ń dè ọ́ lọ́wọ́ ni, ó tún ń dè ọ́ lẹ́sẹ̀.

Boston ni kẹ́ ẹ wò. Wọ́n fún Jaylen Brown ní 304 mílíọ̀nù ní 2023, wọ́n gba ife ní 2024, wọ́n wá fún Jayson Tatum ní 314. Tatum já iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2025, kí ooru yẹn tó parí, wọ́n ti kó Jrue Holiday lọ sí Portland, wọ́n kó Kristaps Porzingis lọ sí Atlanta, Luke Kornet ti lọ sí San Antonio. Ọdún kan péré lẹ́yìn ife o. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ nínú wọn, apron ló lé wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ti Thunder. Kọ́ńtíráàtì tuntun Shai, 2027-28 ló máa bẹ̀rẹ̀, ìdá 35 cap ni. Chet jẹ́ nǹkan bíi 25, Jalen jẹ́ 25 tó lè di 30. Àwọn mẹ́ta á kó nǹkan bí 85 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún cap. Second apron jẹ́ nǹkan bí 134 nínú ọgọ́rùn-ún cap, àwọn méjèèjì sì jọ ń gòkè ni. Ohun tó kù fún àwọn méjìlá yòókù ò ju bí ìdajì cap lọ, lówó ti 2025-26, nǹkan bí 69 sí 76 mílíọ̀nù, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bíi 6 mílíọ̀nù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Caruso nìkan ń gba nǹkan bí 20 lọ́dún. Ẹ rí i pé nǹkan ò ní máa lọ bó ṣe wà yìí.

Àwọn kan ní owó tẹlifíṣọ̀n tuntun, 76 bílíọ̀nù fún ọdún 11 láti ọwọ́ Disney, NBC àti Amazon, á gbé cap sókè tí gbogbo ẹ̀ á fi rọrùn. Kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí àdéhùn 2023 sọ pé cap ò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 10 lọ sókè lọ́dún kan. Ìdí tí òfin yìí fi wà, Thunder ni wọ́n fi kọ́gbọ́n. Ní 2016, owó tẹlifíṣọ̀n dé lẹ́ẹ̀kan náà, cap fò láti 70 mílíọ̀nù sí 94, lójijì Golden State tó ṣẹ́gun nínú géèmù 73 ní sáà tó ṣáájú rí àyè láti gbé Kevin Durant, Oklahoma ló sì ti lọ.

Kó tó di ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ James Harden ti wà, òun ló sì máa ń dun àwọn tó bá pẹ́ nídìí tíìmù yìí jù, ó dun èmi náà. 2012, Thunder dé ìparí, Durant, Russell Westbrook àti Harden, kò sí ẹni tó tíì pé ọdún 24 nínú wọn. Àsìkò kọ́ńtíráàtì Harden tó, wọ́n ti fún Serge Ibaka ní tiẹ̀, òfin tax tó le ń bọ̀ lọ́nà. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé nǹkan bí 55 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, ó fẹ́ bí 60. Kó tó di ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n ti kó o lọ sí Houston. Durant gba MVP ní 2014, Westbrook gbà á ní 2017, Harden gbà á ní 2018, kò sí èyí tó gba ife ní Oklahoma nínú wọn. Nítorí bíi mílíọ̀nù márùn-ún. Sam Presti ló ń darí tíìmù nígbà yẹn, òun náà ló ṣì wà níbẹ̀, torí náà nígbà tí mo rí i pé lẹ́ẹ̀kan náà ló fọwọ́ sí ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú mi dùn gan-an. Ó fi hàn pé ó ti pinnu ẹni tí kò ní lọ.

Àwọn tó máa lọ ló kù. Ó tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tipẹ́. Josh Giddey tí wọ́n mú ní nọ́ńbà 6 ní 2021, kó tó di pé owó ẹ̀ tó san ni wọ́n ti fi gba Caruso lọ́wọ́ Chicago ní 2024, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Chicago wá fún un ní 100 mílíọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí wọ inú oṣù kẹsàn-án. Aaron Wiggins gba 47 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún, Isaiah Joe gba 48 fún mẹ́rin, wọ́n sì ṣe é kó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ ló ga jù, á máa wálẹ̀ bọ̀ nígbà tí ti Chet àti Jalen bá ń gòkè. Èmi fẹ́ràn ìyẹn púpọ̀, ìṣètò tó mọ́gbọ́n dání ni. Kọ́ńtíráàtì Hartenstein àti ti Dort náà, ọdún 2026-27 ẹ̀ wà lọ́wọ́ tíìmù, àwọn ló máa sọ bóyá àwọn fẹ́ ẹ tàbí àwọn ò fẹ́.

Dort ni mo ń rò. Kò sẹ́ni tó mú un ní draft 2019, kọ́ńtíráàtì tó kéré jù nínú liigi ló fi wọlé, ó wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń fìdí rẹmi, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù wọlé jù ní liigi ló máa ń dì mú lálaalẹ́, wọ́n yàn án sí ìpele àkọ́kọ́ ìdáàbòbò ní 2025. Ìṣirò tá a ṣe lókè yẹn ò mọ gbogbo ìyẹn. Cason Wallace tí wọ́n mú ní 2023 ni ọmọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe, owó kékeré ló ṣì ń gbà, láti ooru 2026 ni tiẹ̀ náà sì ti lè dé orí tábìlì.

Ohun tí Thunder ní tí Boston ò ní ni àwọn draft tí wọ́n ti kó jọ. Ní 2019 wọ́n ta Paul George fún Clippers, wọ́n gba Shai, wọ́n gba draft ìpele àkọ́kọ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú ẹ̀ ló di Jalen Williams. Ọ̀pọ̀ ló ṣì wà nílẹ̀. Draft kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́rin owó kékeré, òun ló máa rọ́pò ẹni tí apron bá lé lọ, tó bá jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n mú mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ooru 2027, nígbà tí 35 ti Shai bá bọ́ sórí ìwé, la máa mọ iye nínú àwọn ọmọ owó kékeré yẹn tó ti ṣe tán láti gbá ìṣẹ́jú ogún nínú géèmù keje.